Eyín Mẹ́rìnlélógún

Òkè Ìmọ̀ ló ti kọ̀.
Ẹ́ńjìnnì ń ké, Ìjàpá ò rìn,
Fọ́kísíwágìn tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi.
Mo fẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo jọ̀wọ́ rẹ̀,
ó dà bí ẹni fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀kọ tútù.
Òórùn irun ewúrẹ́ tí wọ́n ń wì lórí iná
kún inú ọkọ̀.
Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta tì mí dé ẹ̀gbẹ́ títì.
Ọ̀kan ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó sinmi, ó ti dàgbà jù mí lọ."
Mo ní, "Ó dàgbà ju ìyá rẹ náà lọ."

Ní Bọ́lọ́rundúró, Fátúyì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láti ẹ̀yìn,
nítorí ẹ̀yìn ni Ìjàpá gbé ọkàn rẹ̀ sí.
Ó yọ àwo kílọ́ọ̀ṣì, ó fi hàn mí,
pẹlẹbẹ, bí awẹ́ obì tí eku jẹ kù.
"Ó ti jẹ tán," ló wí.
Mo dúró ti ọ̀rọ̀ náà.
Bàbá mi, òṣómàálò,
tó ra ọkọ̀ yìí lówó aṣọ tó tà láwìn,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí kọ́bọ̀ ìkẹyìn fi jáde,
kò jẹ ẹnikẹ́ni rí.
Ọkọ̀ rẹ̀ ló wá jẹ.

Mo fi ìwé ìròyìn wé àwo náà
bí ẹni wé ẹja gbígbẹ,
mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ifẹ̀.
Ní Lágere wọ́n gbé ọ̀kan wá, ó ń dán yanran.
Mo gbé e lé tèmi: ó fi ìka kan tóbi jù ú.
"Màámi, gbogbo Ìjàpá ni Ìjàpá."
"Gbogbo orí ni orí. Ṣé fìlà rẹ bá mi mu?"
Ní Sábó, ìbú rẹ̀ bá a mu rẹ́gí.
Mo wá ka eyín tó yí ihò àárín ká:
ogún péré. Tèmi, mẹ́rìnlélógún.
Ọmọkùnrin náà ní àwọn lè fi fáìlì rẹ́ ẹ.
Ta ní ń fi fáìlì rẹ́ eyín kó lè pọ̀ sí i?
Ẹnìkan ní Èkó ni kí n lọ. Ẹnìkan ní Kútọnu.
Ẹnìkan ò tilẹ̀ dá mi lóhùn,
ó ń bó ẹ̀pà jẹ.

Ìgbà tí mo padà ni Fátúyì tó rántí
Màmá Fẹ́híntọlá ní Ẹrẹ́jà, opó katikíìsì.
Ọkọ rẹ̀ ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, kò rí i lò.
Àwọn oníkọ́ńdẹ́mù ti gbé ọkọ̀ lọ,
kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Páálí rẹ̀ ti fà ya bí ewé tí kòkòrò jẹ,
gírísì ara rẹ̀ ti dì bí òrí.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìnlélógún.
Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo rò pé yóò sunkún, yóò ní kí n máa mú un lọ.
Iye tó pè, mo wá ibi jókòó.
Mo san ìdajì,
ó ní Sátidé lòun ó wá gba ìyókù.

Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀,
mo ṣílẹ̀kùn: ìyá ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin
lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fẹ̀yìn ti ògiri.
"Òṣó ni n ó máa ló," ló wí, kò rẹ́rìn-ín.
Èmi ni mo rẹ́rìn-ín, tí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo ka owó fún un. Ó tún un kà.
Mo ní kó wọlé, kí n gbé e padà sílé.

Fátúyì ti kìlọ̀: "Ẹ má máa gbé ẹsẹ̀ lé e.
Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, tàbí kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.
Àárín méjèèjì ló máa ń jó o."
Lẹ́sẹ̀ òkè Ìmọ̀ mo rọra jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ìjàpá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan,
ó dì mú.

Màmá ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé orí òkè.
Ó wá fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára:
"Tiwa máa ń pariwo jù báyìí lọ."